Bàálù Tí Ń Jẹ́ Keziah

Inísà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1994.

Àkàngbé ọmọ mi,

Ṣé òtútù ibẹ̀ ti dẹwọ́ díẹ̀? Èmi Keziah ìyá rẹ ni mo ń kí ọ, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́. Bọ́sẹ̀dé àbúrò rẹ ní kí òun bá mi kọ ọ́ kó lè dùn ún kà, mo ní kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣí lọ́jọ́sí ni mo ti mọ̀wé, ìwé kejì ni mo sì bá a dé kí tíṣà wa tó kó kúrò nílùú. Èyí tí kò bá tọ́ níbẹ̀, ìwọ tó o kàwé ni kó o tọ́ ọ.

Lẹ́tà rẹ dé mi lọ́wọ́. O ní o ti ní bàálù méjì. O ní o kọ́kọ́ ń fi wọ́n kó èrò fúnra rẹ, òfò lò ń kó, ìgbà tó o wá ń fi wọ́n háyà fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ni èrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ̀rín pa mí. Àkàngbé, ṣé o kò gbé ilé yìí dàgbà ni? Ta ló ni ìkòkò irin ńlá láti Inísà títí dé Òkukù bí kò ṣe èmi? Mo ti bá wọn se oúnjẹ ìsìnkú rí, mo ti bá wọn se ti ìkómọ. Ẹ̀yìn dùn mí, èéfín bà mí lójú jẹ́, èrè kò dé. Ọjọ́ tí mo jókòó tí mo ní kí wọ́n wá háyà ìkòkò, kí wọ́n lọ se é fúnra wọn, ọjọ́ náà ni mo di ènìyàn.

Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Má ra tuntun. Ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò tí ìdí rẹ̀ ṣì nípọn, kó o tún un ṣe. Lásìkò tí gbogbo ayé ń wá a, gbówó lé e. Lásìkò òjò tí kò sẹ́ni tó ń ṣe ìnáwó, dín in kù, kó ṣáà máa jáde. Má fún ẹni tó o kò mọ ilé rẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Kọ orúkọ sí i lára kí wọ́n má bàa fi tiwọn pààrọ̀ rẹ̀. O mọ̀ pé Àrínọlá ni mo ní kí wẹ́dà kọ sára èyí tó tóbi jù, orúkọ ìyá mi, Jemima sì ni ìkejì, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn méjèèjì ti kú. Òkú kì í jẹ́ kí ohun tó ń jẹ́ orúkọ òun sọnù.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù: ẹni tó bá háyà nǹkan rẹ kò gbọdọ̀ dá a padà lófìfo. Kó fi iyọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, tàbí ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan. Ìkòkò tó bá padà lófìfo, ebi ló ń pa á. Ará ilé ni yóò jẹ.

Mo ti sọ fún Ẹgbẹ́ Obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi ní bàálù méjì. Ìyá Adéọlá tó ń fi Bọ́lájí ọmọ rẹ̀ tó wà ní báńkì Òṣogbo yan fún wa láti ọjọ́ yìí dìde lọ sílé kí ìpàdé tó parí. Fi fọ́tò wọn ránṣẹ́.

Ọdún kẹfà rèé tó o ti lọ. Mi ò ní kó o wá o. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Èmi ni,
Keziah Àwẹ̀ró, ìyá rẹ.


Manchester,
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, 1994.

Ìyá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí Bọ́sẹ̀dé. Lẹ́tà yín mú mi rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn lémi nìkan, ó sì pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe kó tó di ńlá. Àwọn bàálù náà kì í ṣe èyí tó ń fò lójú ọ̀run. Eré ni. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì ló ta kọ̀ǹpútà àlòkù rẹ̀ fún mi, eré kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe ń darí ilé iṣẹ́ bàálù. Èèyàn á ra bàálù, á yan ìlú tí yóò máa lọ, tàbí kó fi háyà fún àwọn ilé iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń darí. Owó inú rẹ̀ kò ṣeé ná lọ́jà. Mo kàn ń fi ṣeré tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí yàrá mi dákẹ́ jù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìmọ̀ràn yín ṣiṣẹ́. Mo ta èyí tuntun, mo fi ra àlòkù tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì le. Ọdún inú eré náà ń yára ju tiwa lọ: nígbà ooru rẹ̀, tí gbogbo wọn ń rìnrìn àjò ìgbafẹ́, mo gbówó lé e. Nígbà òtútù mo dín in kù, wọn kò sì sùn nílé lọ́jọ́ kan. Mo ti ju gbogbo ilé iṣẹ́ inú eré náà lọ. Mo tún kọ orúkọ sí wọn lára bí ẹ ṣe wí: Àrínọlá àti Jemima, bí ìkòkò yín. Jemima wà lọ́dọ̀ àwọn kan ní ìlú kan ní òkè pátápátá níbi tí yìnyín kì í tán. Ní oṣù kẹrin tiwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí, yìnyín bò ó mọ́lẹ̀ ní pápá ibẹ̀, kò lè dìde. Eré náà máa ń hùwà bí ayé gan-an.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn Ẹgbẹ́ Obìnrin pé eré ni o.

Ọmọ yín,
Tímótì Àkàngbé.


Inísà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, 1994.

Àkàngbé,

Mo kí ọ. Mi ò ní sọ nǹkan kan fún Ẹgbẹ́ Obìnrin. Mo ti sọ pé ọmọ mi ní bàálù, o sì ní bàálù. Wọn kò bi mí bóyá ó ń fò. Kí n wá dìde lójú Ìyá Adéọlá kí n ní mo ṣìwí? Kàkà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé mi sin.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ní oṣù kẹrin, àwọn ará Igbaye kan wá háyà Jemima fún ìsìnkú bàbá wọn. Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbé e padà, oòrùn mú débi pé àwọn ewúrẹ́ kò kúrò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ́sẹ̀dé fọwọ́ kan etí ìkòkò náà, ọwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Tútù ni. Nígbà tí a máa bọ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, awọ díẹ̀ kù síbẹ̀. Nǹkan funfun kún ìdí rẹ̀. Mo rò pé iyọ̀ ni, mo ń súre fún àwọn ará Igbaye pé wọ́n mọ òfin. Mo bu díẹ̀ sẹ́nu. Kò ní adùn kankan, ó di omi lórí ahọ́n mi. Nǹkan náà wà nínú oòrùn títí oòrùn fi rọ̀, kò yọ́. Àwọn adìyẹ yí i po lókèèrè, wọ́n ń wò ó. Mo ránṣẹ́ sí Igbaye, wọ́n ní kí n má bínú, àwọn gbàgbé ni, òfìfo ni àwọn dá a padà.

Ìgbà tí lẹ́tà rẹ dé tí mo ka ọ̀rọ̀ yìnyín, mo fìdí lélẹ̀. Oṣù kan náà ni.

Àkàngbé, eré wo ni ènìyàn ń fi orúkọ òkú ṣe? Mo ní kó o kọ orúkọ, mi ò ní kó o yọ ọ́ lára ìkòkò mi. Gba Jemima padà lọ́wọ́ àwọn ará òkè yẹn. Pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Fún wọn lórúkọ àwọn òyìnbó tó yí ọ ká, kí tiwọn náà lọ tutù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.


Manchester,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá, 1994.

Ìyá mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dà yín láàmú. Ó lè jẹ́ pé àwọn ará Igbaye kó yìnyín sínú ìkòkò náà láti fi mú ọtí ẹlẹ́rìndòdò tutù ni, kí ojú wá tì wọ́n láti sọ ọ́. Síbẹ̀, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ sọ ọ́, mo gba Jemima padà, mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, mo sì tà á.

Ti Àrínọlá ni n kò lè ṣe mọ́. Àwọn tó háyà rẹ̀ kò tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé ìparí oṣù kẹjọ, ó já sínú òkun. Nínú eré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Kí inú mi lè dùn padà, mo kó gbogbo èrè mi jọ, mo ra ọ̀kan tó tóbi tó sì rẹwà ju gbogbo wọn lọ. Mo fún un ní orúkọ tó ṣọ̀wọ́n jù lọ́kàn mi. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi tí ẹnì kan fi háyà rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, owó tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àyè tó yẹ kí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn wà ṣófo. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má fún ẹni tí n kò mọ ilé rẹ̀. Ojúkòkòrò ni. Ṣùgbọ́n eré náà ni.

Ọmọ yín,
Tímótì.


Inísà,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejìlá, 1994.

Àkàngbé,

Ọyẹ́ ti dé síbí. Mo kí ọ.

Ìkòkò irin kì í fọ́. Ó lè jò, ó lè dógùn-ún, wọ́n á jó o pọ̀. Ní ìparí oṣù kẹjọ, Sátidé ni, àwa obìnrin jókòó sí àtíbàbà mi, à ń pa ẹ̀gúsí. Àrínọlá wà níwájú wa, kò sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Ó dún gbàmù, ó là sí méjì. Omi tú jáde láti inú rẹ̀, omi tí ẹnì kankan kò pọn sí i, ó ń ṣàn, ó ń ṣàn, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Adéọlá. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní iyọ̀ ni. Láti ìgbà náà kò bá mi fa ọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń gbà tó bá rí mi. Mi ò kọ ọ́ sí ọ nígbà náà nítorí pé mo ń dúró kí o kọ́kọ́ sọ tìrẹ. O ti sọ ọ́ báyìí. Jemima tó o gbà padà ti ń gbóná bí irin lásán. Nítorí náà kí a yé purọ́ fún ara wa: ohun tó bá bàálù rẹ ló ń bá ohun tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nílé.

Orúkọ ta ni o kọ sára èyí tuntun?

Mò ń bi ọ́ nítorí pé wọ́n ń rí mi. Àwọn ará ilé bàbá mi ní Òkukù ránṣẹ́ pé àwọn dúpẹ́ àbẹ̀wò, pé mo dágbére fún àwọn láti yàrá dé yàrá, n kò sì sọ ibi tí mò ń lọ. Mo rò pé wọ́n ti mu ẹmu yó. Lẹ́yìn náà ni Adéjàre tó ń wa bọ́ọ̀sì Òkukù sí Ìkìrun wá bá mi nílé, inú ń bí i.

Ó ní, "Ìyá, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ wọ ọkọ̀ mi l'Ókukù, ẹ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo kí yín kí yín, ẹ ò dáhùn. Ẹ sọ̀ ní gáréèjì Ìkìrun bí ẹni tí a ò mọ̀ rí."

Mo ní, "Adéjàre, láti ìgbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì n kò kúrò n'Ínísà."

Ó ní, "Ìró àdìrẹ yìí náà lẹ wọ̀. Ọwọ́ tí ẹ fi nà mí lówó tutù bí ẹja."

Mo ní kó máa lọ, kó yé mu nǹkan tó ń mu kó tó wakọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Mo wolẹ̀. Orí àga ni mo jókòó sí láti àárọ̀. Eruku pupa ọ̀nà Òkukù bò mí lẹ́sẹ̀ dé orúnkún.

Dá mi lóhùn. Orúkọ ta ni?

Ìyá rẹ.


Inísà,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, 1995.

Àkàngbé,

Mi ò rí èsì. Mo mọ̀ pé ìwé mi dé ọ lọ́wọ́, Bọ́sẹ̀dé fi rẹ́jísítà sí i ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Àga gbọọrọ mi tó ń dún lábẹ́ àtíbàbà, èyí tí bàbá rẹ kàn kó tó kú, o rántí bó ṣe máa ń ké tí mo bá jókòó, tí ẹ̀yin ọmọ á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Kò dún mọ́. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Ó dákẹ́ bí ìgbà tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé fà mí lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kí n gun òṣùwọ̀n. Mo gùn ún. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mira. Ó ní kí n sọ̀, òun fúnra rẹ̀ gùn ún, abẹ́rẹ́ lọ. Mo tún gùn ún, kò mira. Ó kọ nǹkan sínú káàdì, ó fà á ya, ó ní kí a máa lọ sílé, ìyá dára. Kò wojú mi.

Bọ́lájí ti rí mi l'Óṣogbo. Ọmọ rere ni, ó sá jáde ní báńkì láti wá kí mi, mo ti wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Lẹ́yìn Kérésì, ọmọ ìjọ wa kan tó lọ pàdé ọkọ rẹ̀ n'Ìkẹjà rí mi níwájú pápá bàálù. Ó ní mo dúró sáàárín àwọn tó ń wọlé, n kò ní ẹrù kankan.

Mo ti mọ orúkọ tó o kọ. Ìwọ ni mo fẹ́ kó o fẹnu ara rẹ sọ ọ́.

Keziah Àwẹ̀ró.


Manchester,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún, 1995.

Ìyá mi,

N kò mọ bí n ṣe máa kí yín. Keziah ni. Orúkọ yín ni mo kọ sára rẹ̀. Mo rò pé mo ń bọlá fún yín ni.

Lẹ́tà yín ti oṣù kejìlá dé. Mo gbìyànjú kí n gbà á padà kí n tó fèsì, ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́. Kò gbà. Mo ní kí ó padà, kọ̀ǹpútà ní ẹni tó háyà rẹ̀ kò dáhùn. Mo fẹ́ pa orúkọ náà rẹ́, kò ṣeé pa. Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri, mo fi aṣọ bò ó. Nígbà tí mo tún tan án, bàálù náà ti rìn síwájú. Nínú àwòrán ayé tó wà nínú eré yẹn, ìlà ni gbogbo bàálù ń tọ̀ láti ìlú kan sí ìkejì. Eléyìí kò tọ ìlà kankan. Ó wá láti ìsàlẹ̀, ó gba orí aṣálẹ̀, ó gba orí òkun, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá tẹ ibi tí kò yẹ, kó má lọ já bí Àrínọlá. Ìyá mi, mo rántí ìkòkò tó là sí méjì, ọwọ́ mi kò sì lè kan nǹkan kan mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bí mo ṣe ń jáde ní ilé búrẹ́dì lọ́sàn-án, mo rí yín ní ibùdókọ̀ òdìkejì. Òjò ń rọ̀, gbogbo ènìyàn ló fi agbòjò borí. Ẹ̀yin dúró sáàárín wọn nínú ìró àdìrẹ, gbígbẹ ni ìró náà. Ẹ ń wò mí bí ẹni tó ń wá ilé kan tó sì ń yẹ nọ́ńbà ara ògiri wò bóyá ilé náà ni.

Mo sá. Ọmọ yín ni mí, mo sì sá.

Lójoojúmọ́ ni ẹ ń wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Tímótì.


Inísà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje, 1995.

Àkàngbé,

O sá fún mi. Mo ka ibẹ̀, mo tún un kà. Ó dáa.

Gbọ́ èyí tó kù nínú òfin ìkòkò, n kò rò pé n óò nílò rẹ̀ fún ọmọ mi. Bí ẹni tó háyà bá kọ̀ tí kò dá a padà, a kì í kọ ìwé sí i. A kì í rán ọmọdé. A kì í jókòó nílé máa pariwo. Ẹni tó fi í háyà á dìde, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síbi tí ìkòkò wà, á gbé e karí, á gbé e wálé. Ìgbà kan tí àwọn ará Ìkìrun gbé Jemima pamọ́, ta ló rìn lọ rìn bọ̀? Èmi náà ni, pẹ̀lú oyún rẹ nínú.

Èmi ni mo ni ara mi. Ìwọ lo fi mí háyà láìbi mí. Ó wá dọwọ́ ẹni tó fi í háyà kó gbé e wálé. Má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn mọ́. Kì í ṣe inú rẹ̀ ni mo wà, ibùdókọ̀ ni mo wà.

Nítorí náà, má sá mọ́. Lọ bá a. Kí i bó o ṣe ń kí mi. Dọ̀bálẹ̀ fún un, bí ilẹ̀ tilẹ̀ tutù, bí àwọn òyìnbó tilẹ̀ ń wò ọ́. Má bi í léèrè nǹkan kan. Sọ fún un pé ilé yá, kó o sì mú un wá. Má jẹ́ kó dá wá. O mọ ohun tí mo sọ fún ọ nípa ìkòkò tó bá padà lófìfo.

Má rò ó pé mò ń bẹ̀ ọ́ kó o wálé. Keziah kò bẹ bàbá rẹ rí, kò ní í bẹ ìwọ. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni mò ń sọ. Bó o bá pẹ́, kò burú, ṣùgbọ́n má pẹ́ jù. Ọmọ Bọ́sẹ̀dé tó ń rá kiri gba inú ẹsẹ̀ mi gan-an kọjá lánàá, orí rẹ̀ kò kọlu nǹkan kan.

Mo ti gbá àtíbàbà. Ìkòkò tí kò bá sinmi rí, kí wọ́n dojú rẹ̀ dé, irin náà á rẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ.


Pápá bàálù, Manchester,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án, 1995.

Ìyá mi,

Lórí orúnkún mi ni mo ti ń kọ eléyìí, ẹ foríjin ọwọ́ mi.

Mo lọ bá a. Mo dọ̀bálẹ̀ ní ibùdókọ̀, àyà mi kan omi. Àwọn ènìyàn dìde kúrò lórí àga, wọ́n rò pé mo ṣubú. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn, ilé yá." Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Kò tutù bí Adéjàre ṣe wí. Kò gbóná náà. Ó wúwo, Ìyá mi, ó wúwo bí ìgbà tí ẹ̀yin gan-an ń gbé e lé mi lórí tí mo bá ń lọ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo ta kọ̀ǹpútà náà. Mo ta ohun gbogbo. Mo fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ní báyìí, mo dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Mo ní èmi nìkan ni. Obìnrin ibẹ̀ wo ìwé rẹ̀, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìyá yín ti wọlé ṣáájú yín. Ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní kí ẹ má sáré."

Wọ́n ń pè wá. Mo ń ju eléyìí sínú àpótí lẹ́tà.

Àkàngbé.


Inísà,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án, 1995.

Àkàngbé,

Ìwé tó o kọ ní pápá bàálù ti dé lónìí, ìwọ kò tíì dé. Bọ́sẹ̀dé ti ń sunkún láti àárọ̀. Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́, kó lọ gbé omi kaná. Mo wá jókòó, mò ń kọ èsì sí ilé tí kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́ tí yóò ṣí i. Kí n rí nǹkan fọwọ́ ṣe ni.

Mi ò bẹ̀rù. Wọ́n ti rí yín. Bọ́lájí ránṣẹ́ láti Òṣogbo pé o kọjá pẹ̀lú mi, o gbé àpótí, o rù, o kí òun. Àwọn onígáréèjì Ìkìrun rí yín. Adéjàre ní òun gbé yín kọjá iwájú ilé wa gan-an lọ sí Òkukù, ìwọ ní kí òun dúró, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ mi orí. Ìyẹn yé mi. Ẹni tó dágbére láti yàrá dé yàrá gbọ́dọ̀ padà lọ kí wọn láti yàrá dé yàrá kó tó wọlé. Èmi náà n óò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ló kúkú ń ṣe é.

Ó ku díẹ̀ kí oòrùn rọ̀. Ìyá Adéọlá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Ó ti pẹ́ tó ti yẹra fún mi, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí eléyìí ṣojú ẹlòmíràn kó má ṣojú òun.

Bọ́ọ̀sì Adéjàre ti dúró ní oríta. Ẹni méjì sọ̀.

Mo rí ọ. O ti hu irùngbọ̀n, kò yẹ ọ́. Ò ń làágùn, ò ń fi apá nu ojú rẹ, àpótí náà ń fà ọ́ lápá kan. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kò làágùn. Ìrìn mi ló ń rìn. N kò mọ̀ pé mo ń tẹ̀ sósì tó bẹ́ẹ̀. Àwọn adìyẹ ń yà fún un lọ́nà.

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, Àkàngbé, nítorí òfin ni òfin, èmi ni mo sì gbé e kalẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, kò di nǹkan kan. Kò sí iyọ̀, kò sí ẹ̀wà. Ọwọ́ òsì ni ó fi di apá ẹ̀wù rẹ mú.

Kò padà lófìfo.

Mo ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àyè lè gba ẹni mẹ́ta. Àga ti tún ń dún lábẹ́ mi.